Àpá Tó Wà Lójúgun Ìyàwó Mi

Iṣẹ́ mi ni kí n má gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ni mo wà, àwọn tó máa ń bá èèyàn tún mọ́tò rẹ̀ ṣe bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí i, èmi sì ni wọ́n máa ń rán lọ wo mọ́tò náà kí wọ́n tó gbà pé òótọ́ ni. Onímọ́tò á ní jẹ́jẹ́ òun lòun dúró tí ẹnì kan wá kọ lu òun. Màá bẹ̀rẹ̀, màá fọwọ́ pa ojú ibi tó bó, màá wo apá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í họ, màá wo ọ̀dà tó lẹ̀ mọ́ ọn. Tí mo bá nàró, màá ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ lọ gbá ògiri." Ọ̀pọ̀ wọn kì í jiyàn. Níbi iṣẹ́, Àfura ni wọ́n ń pè mí, kò sì dùn mí. Páńsá kò fura, páńsá já síná. Àjà kò fura, àjà jìn. Èmi kì í ṣe páńsá.

Dókítà eyín ni ìyàwó mi. A jọ ka ìwé girama ni, ẹgbẹ́ ni wá, nítorí náà kò sí "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú" láàárín wa. Ọmọ wa kan ṣoṣo ti lọ sí yunifásítì ní ìlú mìíràn, ó wá ku àwa méjì nínú ilé tó ti fẹjú jù fún wa. Ká sọ tòótọ́, ilé náà ti dákẹ́. Òun á ti ibi iṣẹ́ dé, á máa fọwọ́ tẹ ọrùn rẹ̀ tó ń dùn ún, èmi á máa wo tẹlifíṣọ̀n, a ò bínú síra wa, a ò sì bára wa sọ̀rọ̀ tó kọjá gáàsì tó tán àti iná tó lọ.

Ìdùnnú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ti pẹ́ nílé ọkọ tàbí tó ti pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya mọ bí ìdùnnú ẹnì kejì rẹ̀ ṣe ń wá: ó ní ìwọ̀n, ó sì ní ìdí. Èyí tó dé bá ìyàwó mi yìí kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní balùwẹ̀. Ó ń jẹun bí ẹni tó roko. Obìnrin tó máa ń yí kiri lórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀, bó bá ti gbórí lé ìrọ̀rí báyìí, oorun ti gbé e lọ. Lọ́jọ́ kan, ó ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́, ó sì dédé bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Ó ní, "Kò sí nǹkan."

Nínú iṣẹ́ tèmi, "kò sí nǹkan" la fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Gbogbo àárọ̀ Sátidé ló ń jáde. Ó ní ilé ìwòsàn àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo eyín àwọn ọmọ iléèwé lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé òun á kúkú fẹsẹ̀ rìn lọ, kò jìnnà. Bó bá fi máa dé lọ́sàn-án, ó ti wẹ̀. Ta ló ń wẹ̀ níbi iṣẹ́? Irun rẹ̀ á tutù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á máa dán. Mo gbé bàtà rẹ̀ yí padà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rí erùpẹ̀ pupa nínú ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ilé ìwòsàn wọn, ọ̀dà ni gbogbo títì, kò sí erùpẹ̀ pupa níbì kankan. Mo dá bàtà náà padà bí mo ṣe bá a.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wa mọ́tò kọjá níwájú ilé ìwòsàn náà. Àgádágodo wà lẹ́nu géètì. Ọlọ́dẹ tó jókòó síbẹ̀ ń gé èékánná.

Mo ní, "Ṣé àwọn ọmọ iléèwé ti dé?"

Ó wò mí. "Ọmọ iléèwé kẹ̀? Sátidé lòní, sà. A kì í ṣí ní Sátidé."

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò lọ bi ìyàwó mi nígbà náà. Ẹni tó bá ń bi onírọ́ kó tó rí gbogbo ẹ̀rí, ńṣe ló ń yá a ní abẹ́rẹ́ àti òwú kó fi rán irọ́ rẹ̀ pọ̀. Mo dákẹ́. Mo ń jẹun, mo ń kí i káàbọ̀, inú mi sì ń gbóná bí ààrò. Ẹ̀rù ń bà mí ni, kí n kúkú sọ ọ́. Mi ò fẹ́ pàdánù ìyàwó mi. Mo kàn mọ̀ pé ìdùnnú kan ti wọ ilé mi tí wọn ò fi mí sí, ẹnì kan níbì kan ló sì ni ín.

Ọ̀sán Sọ́ńdè kan ni mo wá rí àpá náà. Ó sùn sórí àga gbọọrọ ní pálọ̀, aṣọ rẹ̀ ká sókè díẹ̀, mo sì rí ojúgun rẹ̀. Ojú egbò kéékèèké, roboto, tí ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, tí èkejì tẹ̀ lé ẹ̀kẹta, ó ti ń jinná. Ọ̀wọ́ kejì wà lókè rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń kúnlẹ̀ ti bọ́ńpà mọ́tò. Mi ò fọwọ́ kàn án, mo kàn sún mọ́ ọn dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀gún, ẹ̀gún máa ń fà lọ ni. Kì í ṣe ìṣó, ìṣó kì í tò. Eyín ni. Ajá ló gé ìyàwó mi jẹ.

Ọgbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Bí ajá àjèjì bá gé dókítà jẹ, àbí òun kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ pariwo pé kí wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́? Òun kò pariwo. A jẹ́ pé ó mọ ajá náà. Ẹni tó bá sì mọ ajá, ó mọ alájá. Ẹni tí ajá gé jẹ lẹ́ẹ̀kan tó tún padà lọ, tó jẹ́ kó gé òun lẹ́ẹ̀kejì, ẹni náà ní ohun tó ń wá nínú ilé ọ̀hún. Ní gbogbo òpópónà wa, ajá kan ṣoṣo ló wà, ti apòògùn tó ní ṣọ́ọ̀bù níkọ̀rọ̀ títì ni. Ọkùnrin náà ga, irun rẹ̀ ti funfun, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ṣòkòtò rẹ̀ kì í sì í rún. Mo rántí pé ìyàwó mi ti sọ rí pé, "Bàbá yẹn mọ aṣọ wọ̀." Ọ̀rọ̀ náà wá yé mi lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà, ó wọ̀ mí lára bí omi tútù.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ. Apòògùn náà ń to ìgò sórí pẹpẹ. Obìnrin kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo oògùn ikọ́ méjì tó dì mú, kò mọ èyí tó máa rà.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀ o. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Ajá yín ni mo wá bá."

Ó gbé ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ajá mi?"

"Ó gé ìyàwó mi jẹ. Lójúgun."

Ó súfèé lẹ́ẹ̀kan, ajá náà sì jáde láti ẹ̀yìn káńtà, ó ń rìn bí ẹni tó ti gba ìfẹ̀yìntì. Apòògùn fi àtàǹpàkò gbé ètè rẹ̀ sókè. Èrìgì pupa ni mo rí, àti kùkùté méjì tàbí mẹ́ta tó ti pọ́n.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó," ni ó wí. "Oúnjẹ rírọ̀ ló ń jẹ. Ìyàwó yín gan-an ló yẹ̀ ẹ́ wò fún mi, ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá àtúnṣe."

Inú mi dùn. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́! "Níbo ni ìyàwó mi ti rí ẹnu ajá yín?"

"Níbi tẹ́ ẹ dúró sí yìí. Nígbà tó wá ra oògùn ara ríro."

"Kí ló fà á tí ara fi ń ro ó?"

Ó yọ dígí ojú rẹ̀. "Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ bi mí gan-an?"

Mo bi í. Mo ní, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyàwó mi máa ń wá ní Sátidé. Obìnrin oníkọ́ kò wo oògùn mọ́, etí rẹ̀ ti nà. Apòògùn dúró, ó ń nu dígí náà, ó ń nu ún, nígbà tó sì máa sọ̀rọ̀, kò bá mi sọ "ẹ" mọ́.

"Ọmọ mi, mo ti sin ìyàwó, mi ò tíì sin ìtìjú. Ìyàwó rẹ máa ń kọjá níwájú ibí láàárọ̀ Sátidé lórí kẹ̀kẹ́. Á kí mi, màá dá a lóhùn. Á wá gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nígbà kan lọ. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Èyí tó kù, ilé rẹ ni kó o ti béèrè."

Mo dúpẹ́, mo jáde. Ṣé mo gbà á gbọ́? Kẹ̀kẹ́ kẹ̀! Obìnrin tó ní mọ́tò tirẹ̀, tó ní ọmọ ní yunifásítì, kí ló máa fi kẹ̀kẹ́ ṣe? Àti pé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ta ló ń lọ síbẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun? Lójú mi, ńṣe ni apòògùn bọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, tí ẹlòmíràn tí mi ò tíì mọ̀ sì gun orí rẹ̀ jókòó.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí ìyàwó mi ṣe jáde, mo fún un láyè kó jìnnà, mo wọ mọ́tò. Ibẹ̀ rí bí mo ṣe rò ó: òkè tí wọ́n ti gé ìdajì rẹ̀ lọ, koríko, erùpẹ̀ pupa, àti ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti dípẹtà. Ẹ̀yìn akẹ́rù náà ni mo páàkì sí. Mo rí mọ́tò bíi mélòó kan tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Mo rí àwọn èèyàn tó dé akoto, tí wọ́n so nǹkan líle mọ́ orúnkún àti ìgúnpá. Mo rí ìyàwó mi láàárín wọn, ó wọ ṣòkòtò tí mi ò rí rí. Ẹnì kan tó ga, tó síngbọnlẹ̀, tí akoto dúdú bò títí dé àgbọ̀n, di apá rẹ̀ mú, ó sì ń fọwọ́ tún nǹkan ṣe níbi ìgúnpá rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹsẹ̀ mi ti ń gbé mi lọ kí n tó mọ̀. Mo ti di ẹ̀ṣẹ́. Gbogbo ohun tí mo máa sọ ti tò sí mi lẹ́nu. Ìgbà náà ni onítọ̀hún ṣí akoto rẹ̀ kó lè nu òógùn, mo sì rí i pé Ìyá Oníbúrẹ́dì ni. Ìyá Oníbúrẹ́dì tí a ti ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti kó dé àdúgbò, tó ní ọmọọmọ, tó jẹ́ pé bí mo bá kí i, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Mo yí padà kíá, mo wọ ẹ̀yìn òkúta ńlá kan. Ẹ ò rí ẹni tí mo fẹ́ lù.

Síbẹ̀, mo ní kì í ṣe òun nìkan ló wà níbẹ̀. Mo dúró, mo ń ṣọ́ wọn.

Ìyàwó mi ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gun òkè. Táyà kẹ̀kẹ́ náà sanra, ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀. Ó gun òkè náà títí tí mo fi ń rí i ní kékeré, ó yí kẹ̀kẹ́ padà, ó gùn ún, ó sì dúró. Kò tètè gbéra. Àní láti ibi tí mo wà, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Lẹ́yìn náà ló jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Kò jókòó. Orí pẹ́dàlì ló dúró sí, orúnkún rẹ̀ tẹ̀, ìgúnpá rẹ̀ là síta, kẹ̀kẹ́ náà ń fò lábẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò sì mì púpọ̀. Ọ̀nà náà kò ju ibi tí ẹsẹ̀ kan lè gbà lọ. Ó kọjá lórí gbòǹgbò, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi kọ́nà títí ejìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko, ó tún nàró. Bó ṣe ń sún mọ́ mi, mo rí ojú rẹ̀. Ojú yẹn, mo ti rí i rí. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà pé ọjọ́ orí ló ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi bàjẹ́, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tó ṣáájú.

Ìgbà náà ni mo rí ibi tí ọ̀nà náà ti já: òkúta pẹrẹsẹ kan tó yọ síta, tí kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, kí ilẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó ń bọ̀ wá síbẹ̀ tààrà. Mo bẹ́ jáde láti ẹ̀yìn òkúta.

"Yéè! Rọra! Bíréèkì!"

Ó gbójú sókè, ó wò mí. Bó ṣe wò mí báyìí, kẹ̀kẹ́ náà yà sí ọ̀dọ̀ mi bí ẹni pé mo pè é. Ó gba inú koríko, ó kọ lu ebè erùpẹ̀ kan, ìyàwó mi sì fò lé e kọjá, ó balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Wọ́n sáré wá. Kí wọ́n tó dé, ó ti dìde jókòó. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Kí lo wá ṣe níbí?" ni ó bi mí.

"Kí ni ìwọ wá ṣe níbí?"

"Mò ń gun kẹ̀kẹ́. Ìwọ ńkọ́?"

Mo wo ojú gbogbo wọn. Irọ́ wà nílẹ̀ tí mo lè pa, mo mọ irọ́ dáadáa, iṣẹ́ mi ni. Àmọ́ mo ní, "Mo rò pé ọkùnrin ni."

Ìyá Oníbúrẹ́dì wúkọ́. Ìyàwó mi ní, "Ọkùnrin wo?"

"Apòògùn."

"Apòògùn wo? Bàbá alájá?" Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Kí ló kan apòògùn nínú ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ?"

"Mo rí ojúgun rẹ. Ojú eyín ajá ni mo rí níbẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ẹnì kan jókòó sílẹ̀. Ìyàwó mi fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì yí kẹ̀kẹ́ náà kí n lè rí pẹ́dàlì rẹ̀, irin kéékèèké tò sójú rẹ̀ kí bàtà má bàa yọ̀. "Pẹ́dàlì ló ń gbá mi lẹ́sẹ̀. Dókítà eyín ni mo jẹ́ o. Ẹnu ajá wo ni eyín ti tò gbọọrọ bí èyí? Ṣé rúlà ni ẹnu ni?"

Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá ń nu omi ojú rẹ̀, ó ní, "Inú ara rẹ lo ti rò ó, àbí o sọ ọ́ síta?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo pẹ́dàlì náà.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀."

"Mo lọ bi í."

"O lọ bi ta ni?"

"Apòògùn."

"Lójú ta ni?"

"Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ra oògùn ikọ́."

Ẹ̀rín náà kú. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan ṣe lára kẹ̀kẹ́ wọn. Ìyàwó mi bọ́ akoto rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó sì ń wo inú rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀.

"Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé," ni ó wí, "gbogbo ẹni tí mo bá fojú kàn ló ń bẹ̀rù mi. Wọ́n á ya ẹnu, wọ́n á di ọwọ́ àga mú, èmi á máa ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Èmi fúnra mi ò láyè láti bẹ̀rù, bí ọwọ́ mi bá gbọ̀n, jàǹbá dé. Níbí, èmi ni ẹ̀rù ń bà. Bí mo bá dúró lórí òkè yẹn, àyà mi á máa lù kìkì, mi ò lè rántí ilé, mi ò lè rántí ibi iṣẹ́, ibi tí táyà máa tẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Bí mo bá fi máa dé ìsàlẹ̀, ọrùn mi ò dùn mí mọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló mú mi wá. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé kẹ̀kẹ́ sí, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ń wẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ṣé màá ní kó o má gùn ún ni?"

"Rárá. O ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Wàá bi mí bí bíréèkì rẹ̀ ṣe lágbára tó. Wàá bi mí ta ló ti ṣẹ́ apá níbẹ̀ rí, ta ló ni ilẹ̀, ta ló wà lẹ́yìn mi, ta ló wà níwájú. Èmi á máa dá ọ lóhùn títí adùn rẹ̀ á fi tán. Ìwọ kì í gbádùn nǹkan, ńṣe lo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fẹ́ nǹkan kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ pa wò."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé mo ti fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ bíréèkì kó tó dárúkọ rẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló gbà mí sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó gùn ún," ni ó wí. "Ẹni tí kò bá gùn ún, àlàyé lásán ni."

"Mà, mi ò wọ bàtà tó dáa."

"Ta ló bi ọ́ léèrè bàtà?"

Wọ́n mú mi lọ síbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré kan tí àwọn akọ́ṣẹ́ ti máa ń kọ́ ọ, wọ́n dé akoto fún mi. Ilẹ̀ náà kò rí gbágungbàgun, ó lọ sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́, òkúta kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò tó ìrọ̀rí. Ìyá Oníbúrẹ́dì di ẹ̀yìn ìjókòó mú.

"Má wo òkúta yẹn o. Ibi tó o fẹ́ lọ ni kó o wò. Ibi tójú bá lọ ni kẹ̀kẹ́ ń lọ."

"Tí mi ò bá wò ó, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé kò ní gbé mi ṣubú?"

"O ti rí i. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Ó jù mí sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ gbá mi lójú, kẹ̀kẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́ mi, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, mo sì dìde lórí pẹ́dàlì bí mo ṣe rí i tí ìyàwó mi ṣe é. Ara mi fúyẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí ẹnì kankan lórí ilẹ̀ ayé tí mò ń fura sí. Mi ò ro nǹkan kan rárá. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, èmi ni. Bí mo ṣe mọ̀ pé èmi ni báyìí, mo rántí òkúta. Mo ní kí n kàn yọjú wò ó bóyá ó ṣì wà níbi tó wà. Ó wà níbẹ̀. Ó ń tóbi. Ojú mi lẹ̀ mọ́ ọn, táyà sì lọ bá a tààrà.

Nígbà tí mo lajú, ọ̀run ni mo ń wò, ẹnu mi kún fún erùpẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Oníbúrẹ́dì lókè orí mi. "Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwọ ò wo iwájú, o ò wo ẹ̀yìn, òkúta lo gbájú mọ́." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àyàfi ẹnì kan.

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Kí lò ń wò?"

"Òkúta yẹn."

"Mo mọ̀," ni ó wí.

Ó na ọwọ́ sí mi, mo dìde. Mo bi í bóyá mo lè tún wá. Ó gbọn erùpẹ̀ ara akoto rẹ̀.

"Tó o bá máa wá gùn ún, wá. Tó o bá máa wá ṣọ́ mi, jókòó sílé. Mi ò ní pè ọ́. Ṣùgbọ́n kó o tó ṣe èyíkéyìí, lọ bẹ bàbá yẹn."

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú káńtà, ajá sì wá gbóòórùn orí mi. Apòògùn jẹ́ kí n wà nílẹ̀ díẹ̀ kó tó ní kí n dìde, ó wo ìgúnpá mi tó bó, ó sì lọ mú oògùn egbò wá. Ó fi í sí i fúnra rẹ̀. Ó ta mí gan-an, mo sì rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ dà á púpọ̀ ni.

Nílé, kò sí ìjà, kò sì sí àlàáfíà. Ìyàwó mi ń kí mi, mò ń dáhùn, ẹ̀yìn ló ń kọ sí mi bó bá sùn. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wálé, ó fi ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí kò ti sí ohun tó ń fi pa mọ́ mọ́. Ìgbàkigbà tí mo bá kọjá, ọwọ́ mi á fẹ́ yẹ bíréèkì rẹ̀ wò. Mo ń fi ọwọ́ náà sápò.

Nígbà tí Sátidé dé, mo ti jí kó tó jí, mo dijú. Mo gbọ́ tó wọ ṣòkòtò rẹ̀, mo gbọ́ tó mu omi, mo gbọ́ tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi póǹpù fún afẹ́fẹ́ sí táyà. Mò ń gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo ń bi ara mi léèrè ohun tí mo fẹ́ gan-an, ṣé kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ gùn ni àbí ìyàwó mi ni mo fẹ́ máa wò. Mi ò rí ìdáhùn tó dá mi lójú. Ó ní òun ò ní pè mí, kò sì pè mí. Ṣùgbọ́n èèyàn tó bá ń bá mọ́tò ṣiṣẹ́ mọ ìró póǹpù nígbà tí táyà bá ti kún. Táyà yẹn ti kún tipẹ́, ó ṣì ń fún un. Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà mi.